Páálí Abẹ́ Mọ́tò

Bàbá tó ń tún mọ́tò àtijọ́ mi ṣe ní Ìlọrà kì í kánjú tú ẹ́ńjìnnì. Tí ọ́ìlì bá ń jò, wọ́n á tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Wọ́n á ní, “Ṣe sùúrù, á fi ibi tó ti ń jò hàn wá.” Láàárọ̀, wọ́n á wo páálí náà bí ẹni ń ka Bíbélì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n tẹ́ páálí nílé, kí n mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ́ìlì ò kán sí i rárá.

Nígbà tí mo mú un lọ, ìyàwó wọn ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá ti fi wá sílẹ̀ lánàá.”

Mo na páálí náà sí wọn.

“Ẹ wò ó, mà. Kò jò mọ́.”