Iyẹ̀pẹ̀ nínú Pálọ̀ Ìyá Dandan

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ bàtà wọ pálọ̀ rẹ̀. Kò ní í pariwo. Á kàn gbé búrọ́ọ̀ṣì, á kúnlẹ̀ síwájú yín, á máa fọ ibi tí ẹ ti tẹ̀ kọjá títí ojú á fi tì yín, tí ẹ ó fi padà sẹ́nu ọ̀nà lọ bọ́ bàtà. Ilé ìwòsàn ló ti kọ́ ìwà yìí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ló ń fọ̀, àwọn dókítà kì í sì í wọlé bí kò bá tíì sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Dandan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí "dandan ni" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀, tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Orí mi ṣì wù mí lọ́rùn.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ìjàpá. Ẹni tó ń tún aago ṣe ni ọkọ rẹ̀, Aláago la sì ń pè é, ẹni pẹ̀lẹ́ kan báyìí. Òun ló sọ ìjàpá náà ní Alàgbà, ó ní kò sí ọkùnrin tó ní sùúrù tó o ládùúgbò. Ẹ̀yìnkùlé ni Alàgbà ń gbé nígbà náà, láàárín koríko. Bó bá ti yọ orí sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi á ti fi ìgbálẹ̀ tì í padà. Ó ní ìdọ̀tí tó ń rìn ni. Nígbà tí Aláago kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká síbi tí iṣẹ́ gbé kálukú lọ, ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ńlá tí wọ́n jọ ń gbé sílẹ̀, ó kó wá sí ilé olókè tí mò ń gbé. Gbogbo wa rò pé yóò fi ìjàpá yẹn ta ẹnìkan lọ́rẹ. Àyà rẹ̀ ló gbé e mọ́ gun àtẹ̀gùn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Ilé olókè kò ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí kápẹ́ńtà kan àpótí fífẹ̀ kan fún òun, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó fi gílóòbù kọ́ sókè rẹ̀ kí ara ẹranko lè máa móoru. Ó wá ku ohun tí yóò tẹ́ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ tẹ́, torí pé ó ṣeé ká dànù láràárọ̀. Ẹsẹ̀ Alàgbà ń yọ̀ lórí ìwé, ó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bàtà gogoro, ó sì ń já ìwé jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé kúrò, ó tẹ́ tówẹ̀lì. Ó ń fọ tówẹ̀lì, ó ń fi omi gbígbóná sè é, ó ń lọ̀ ọ́, àfi ìgbà tí èékánná ẹranko há sínú òwú, tí a fi sísọ́ọ̀sì gé e sílẹ̀. Mo ní kó lọ gba ìyẹ̀fun igi tí kápẹ́ńtà ń gbá dànù lábẹ́ ayùn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ojú Alàgbà wú, ó ń sín. "Ṣé o rí i?" ó sọ fún mi, àfi bíi pé èmi ni mo sín. Ló bá fọ àpótí náà, ó to táìlì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, funfun báláú. Ó mọ́ lóòótọ́. Yàrá iṣẹ́ abẹ ló kọ́ fún ìjàpá.

Kò pẹ́ tí Alàgbà fi kọ oúnjẹ. Ó ń yí àpótí po ṣáá, bó bá sì dé igun kan, á dúró, á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha táìlì, títí ẹsẹ̀ náà fi bó. Mò ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹjú mọ́ ọn bó ṣe tẹjú mọ́ Aláago nígbà àìsàn rẹ̀.

"Èyí náà kò ní í kú mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí.

Ẹ̀rù ń bà á. Mi ò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí, ó sì ba èmi náà lẹ́rù.

A gbé ẹranko lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọmọdébìnrin kan tí a lè bí. Ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ itan Alàgbà, ó ya àwòrán inú rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ta ló sọ fún yín pé akọ ni?"

"Ọkọ mi ni."

"Abo ni o. Ẹyin ló wà níkùn rẹ̀. Ibi tó máa gbẹ́ kó lè yé e ló ń wá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà lóyún! Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà.

"Bí kò bá wá rí ibi gbẹ́ ńkọ́?"

"Á dá a dúró sínú, mà. Bó bá pẹ́, ẹyin á bàjẹ́ sí i níkùn. Ó lè pa á."

Dókítà ní iyẹ̀pẹ̀ dúdú ni kó tẹ́, kó po yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, kó fi omi rin ín, kó jìn tó gígùn ara Alàgbà. Yanrìn nìkan kò dáa, ó lè gbé e mì kó dí i nífun. Kó má sì sí ajílẹ̀ tàbí oògùn kankan nínú rẹ̀.

"Iyẹ̀pẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Nínú pálọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

A gbé ẹranko padà délé. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú sí mi.

"Gbé korobá rẹ wá. Dandan lowó orí, ọ̀ranyàn laṣọ ìbora."

Àwọn bírìkìlà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan níkàngun àdúgbò wa. Ọ̀gá wọn ní ká bu iyẹ̀pẹ̀ tó bá wù wá, yanrìn náà sì wà nílẹ̀. Ìyá Dandan kò mú èyí tó wà lókè, ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́. A ru korobá gun àtẹ̀gùn, a sọ̀, a tún gùn, ìbàdí mi ń bẹ̀bẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ ní pálọ̀, ó fi asẹ́ ku gbogbo iyẹ̀pẹ̀ náà bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun. Mo lọ na ẹ̀yìn nínú yàrá mi.

Nígbà tí mo fi padà, òórùn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ dà sínú iyẹ̀pẹ̀?"

"Oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù. Díẹ̀ ni. Ṣé ìwọ lè bímọ sínú ìdọ̀tí?"

Alàgbà ti kó orí àtẹsẹ̀ wọnú ìkarahun, ó sé mọ́rí ní igun.

"Ṣebí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sí oògùn níbẹ̀!"

"Oògùn oko ló ń sọ. Èyí tèmi, òun la fi ń gbẹ̀bí."

Láyé mi, mi ò jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí, àfi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní: "Ilẹ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fún un! Ọsibítù lẹ fún un!"

Ó wò mí. Ó wo àpótí. Ó gbé Alàgbà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ojú àtẹsẹ̀ rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì jiyàn. Ó mú korobá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ náà jáde. Ó kó o sọ̀ kalẹ̀ pátá, ó fọ àpótí, ó ṣan án títí mi ò fi gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sọ́dọ̀ àwọn bírìkìlà. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀la. Ó ní ẹyin kò mọ ọ̀la.

Ọ̀gá bírìkìlà dúró, ó fọwọ́ lé ìdí. "Màmá, àbí ilé lẹ̀ ń kọ́ lókè níbẹ̀ ni?"

"Yàrá ìgbẹ̀bí ni," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Omi lásán ló fi rin ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé Alàgbà lé e lórí. Fún ìgbà díẹ̀, ẹranko náà kò mira. Ó wá na ọrùn, ó gbóòórùn ilẹ̀, ó rìn yípo, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bu iyẹ̀pẹ̀ sọ nù. Ó bu òmíràn. Iyẹ̀pẹ̀ ń fò kọjá etí àpótí, ó ń bọ́ sórí ilẹ̀ pálọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń fọ̀ láràárọ̀. Mo rí i pé ọwọ́ ń yún un. Ó jókòó sílẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí, kò sì dìde títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Gbẹ́ ẹ, jàre. Gbẹ́ ẹ."

Ẹyin mẹ́rin ni, funfun, róbótó. Alàgbà yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lọ síbi ewé tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

Èmi ni mo pe dókítà lórí fóònù. Ó bá wa yọ̀, ó ní ká má retí ọmọ ṣá o, torí kò sí akọ lọ́dọ̀ rẹ̀, òfo ni ẹyin náà. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe wí. Mo wo ilẹ̀ pálọ̀, mo wo èékánná rẹ̀ tó dúdú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

"Gbogbo wàhálà yìí," mo ní, "torí ẹyin òfo."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ ni mò ń wá?" ló wí, kò gbójú kúrò lára ẹranko náà. "Mo ti bímọ. Wọ́n ti lọ. Èyí ni kò tíì lọ."

 Mo bá a jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.