Bàbá Tó Nawọ́ Sókè ní Kíláàsì Ẹ̀sìn

Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ifọ̀ nígbà tí ìjọba gbé àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀gá àgbà wa ní kí n kó kíláàsì méjèèjì pọ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi dé. Mo ní èmi tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni mo mọ̀? Wọ́n ní kí n bi àwọn ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo mú ìtàn ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù sínú kànga, torí ẹ̀sìn méjèèjì ló ní in. Mo ní kí àwọn kan sọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nílé kéú, kí àwọn yòókù sọ tiwọn. Ariwo sọ. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n jiyàn lórí àlá rẹ̀. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan wá dìde, ó ní, “Mà, ṣé ẹ fẹ́ ká gbà á gbọ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ ká mọ̀ ọ́n?”

Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ ẹ̀sìn, n kò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé ilé ni wọ́n ti ń gbin ìgbàgbọ́. Ohun tí mo ń wá ni kí wọ́n mọ ohun tí aládùúgbò wọn fẹ́ràn, kí wọ́n lè bi í léèrè láìbú u.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá ọmọbìnrin náà, tí wọ́n ń ta pákó, dé. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́ ọmọ wọn lẹ́sìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn ní àga lẹ́yìn kíláàsì.

Ààwẹ̀ là ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan ní ti Mùsùlùmí rọrùn, ṣebí wọ́n ń jẹun lálẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, bàbá ti nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n máa wí. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé pákó nínú oòrùn, tí omi tútù wà nítòsí, tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Ọmọkùnrin náà ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò mu ún?”

“Ẹni tí mò ń gbààwẹ̀ fún ń wò mí.”

Bàbá jókòó títí aago fi lù.

Nígbà tí àáfà tuntun dé, àwa méjèèjì lọ bẹ ọ̀gá àgbà pé kí kíláàsì méjèèjì ṣì máa pàdé ní gbogbo Ọjọ́rú. Wọ́n gbà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń kọ ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwọn ọmọ sílẹ̀ báyìí.