Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Rọ́ Sọ́wọ́ Ọ̀tún

Àmínát kì í lè jókòó pẹ́. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Ìyá rẹ̀, tó ń ta léèsì ní ọjà Tẹ́júoṣó, a máa bi í pé, "Ṣé iná ló wà lábẹ́ ìdí ẹ ni?" Lójúmọmọ, Àmínát ń tẹ àwòrán sára tíṣẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Múṣin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ gan-an, fóònù ló fi ń ṣe é.

Fóònù tí gbogbo wa ń gbé kiri yìí ní etí, ó ní ojú, ó sì ní ohun kékeré kan nínú tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, èyí tó máa ń mọ̀ bí a bá mì ín tàbí tí a bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá mọ̀ ni Àmínát ń darí sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì sọ ọ́ di àwòrán lójú ẹsẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà ló yà. Bí o bá da fóònù sósì, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ á yí gbirigbiri lọ sósì. Bí o bá pariwo, wọ́n á fò sókè. Habeeb ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yábàá, ti ní kó wá fi han àwọn èèyàn níbẹ̀.

Àmínát wá rò ó pé kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ èèyàn nìkan ni yóò máa darí ìlẹ̀kẹ̀. Ó fẹ́ kí ilé tí wọ́n bí òun sí ní Òtò, tí òun àti ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé, ya àwòrán ara rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ayálégbé kún un bámúbámú. Ó fi téèpù lẹ fóònù kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀ tí wọ́n ń gùn, tí ilẹ̀kùn ń dún gbàgà, bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ń jó lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá pa lọ́lọ́, ìlẹ̀kẹ̀ kì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa rọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Àmínát ní àṣìṣe òun ni. Ó tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó tún fóònù lẹ̀, ó rí i pé ó dúró ṣánṣán. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀tún náà ni. Ó pààrọ̀ fóònù, ọ̀tún náà ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ orúkọ oníbàárà sódì.

"Gbé e wá sọ́dọ̀ mi," Habeeb ní.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kankan ò mira.

"Fóònù ẹ ò ní nǹkan kan," Habeeb sọ. "Iṣẹ́ ẹ náà ò ní nǹkan kan."

Ó wá yé Àmínát. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ò bá mira níbí, a jẹ́ pé ògiri ilé wọn ló ń tẹ̀.

Eré ló sá dé ilé. Ọ̀dà tuntun ń dán lára ògiri níwájú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, ó rí ibi tí ògiri ti lanu débi tí ọwọ́ rẹ̀ fi wọ̀ ọ́. Ó tọ Bàbá Ògúntádé lọ, ẹni tó nilé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa pe ẹnjiníà."

"Fóònù ló sọ fún ẹ pé ilé bàbá mi fẹ́ wó?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tó bá sọ pé mo fẹ́ kú ńkọ́, ṣé kí n lọ ra pósí?"

Ìyá rẹ̀ náà ò gbọ́. "Ilé yìí ni mo bí ẹ sí. Ibo lo fẹ́ kí n gbà lọ?"

Ìdààmú ò jẹ́ kí Àmínát gbádùn. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì ọjọ́ kan, ó yá ẹ̀rọ tí Habeeb fi ń tan àwòrán sára ògiri, ó ta aṣọ funfun sí àgbàlá. Àwọn ayálégbé àti Bàbá Ògúntádé jáde, wọ́n rò pé fíìmù ni. Ó kọ́kọ́ gbé fóònù kan fún Fadilah, abiyamọ tó ń gbé lókè. Fadilah dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìlẹ̀kẹ̀ ń yí tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Àmínát yí àwòrán náà sí fóònù kejì, èyí tó ti tún lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má mira."

Àgbàlá pa rọ́rọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí gbogbo wọn fi kó jọ gègèrè sápá ọ̀tún.

"Ta ló ń dà á?" Fadilah béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń dà á, àǹtí. Ara ògiri ló wà. Ògiri náà ló ń tẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Ògúntádé dìde, ó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná, ó sì wọlé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe ẹnjiníà. Ẹnjiníà yí ilé náà ká, ó rí i pé àwọn ilẹ̀kùn kan ti ń há nítorí ògiri tó tẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn kó jáde. Fadilah ló kọ́kọ́ dẹrù. Ìyá Àmínát sunkún, ó bínú, ó kó léèsì rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò ńlá ló bá ilé náà lófìfo. Apá ibi àtẹ̀gùn ya lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò pa ẹnì kankan. Ṣọ́ọ̀bù ní Múṣin ni Àmínát wà nígbà tí ìròyìn dé. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

Àdúgbò Àgùdà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé báyìí. Ìyá ò tíì dúpẹ́, ó ní òun ò mọ aládùúgbò kankan níbẹ̀. Àwọn ará Òtò sì ń pe Àmínát pé kó wá fi fóònù wo ilé àwọn. Ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ pe ẹnjiníà, èmi ò mọ̀ nípa ilé," wọn ò gbọ́. Habeeb bi í pé ìgbà wo ni wọn yóò wá fi àwòrán náà han àwọn èèyàn. Ó ní òun ò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Fadilah pè é. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá tuntun tí òun gbà ti ń há, kì í tì dáadáa mọ́. Àmínát ti wọ bàtà kí Fadilah tó sọ ọ́ tán.