Iṣu Mẹ́ta Tí Mo Túpalẹ̀

Iṣẹ́ tí mo ń jẹun níbẹ̀ ni pé kí n máa sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama kan ní Òṣogbo pé ohun tí wọ́n kà kọ́ ni òǹkọ̀wé ń wí. Bí òjò bá rọ̀ nínú ewì, mo ní ẹkún ni. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn nínú eré, mo ní ìrètí ló pin. Ajá kan sùn sẹ́bàá ọ̀nà nínú ìtàn kan rí, odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo fi ṣàlàyé ohun tí oorun rẹ̀ dúró fún. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó kàn rẹ ajá náà ni.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, mi ò sì tíì níyàwó. Ìyá mi ti dẹ́kun bíbéèrè, èyí sì dùn mí ju ìbéèrè lọ. Ìgbà náà ni mo pàdé nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi, kódà sí èyí tí kò dáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó ní kí n wá kí bàbá òun ní Ìfẹ̀wàrà, mo lọ rán bùbá àti ṣòkòtò tuntun.

Àgbẹ̀ ni bàbá náà, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ó bi mí léèrè ìyá mi, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí wọ́n kó iṣu mẹ́ta sí búùtù mọ́tò mi. Ìgbà tí mo délé ni mo tó wò wọ́n dáadáa. Wọ́n ti gé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, wọ́n sì fi eérú kun ojú ibi tí wọ́n gé.

Ẹlòmíì ì bá bẹ ẹ́, kó sè é. Èmi fa àga, mo jókòó tì í. Iṣu tí kò lórí: wọn ò fẹ́ kí n ṣe olórí ilé fún ọmọ wọn. Eérú: iná ìfẹ́ ti kú. Mi ò rí ìtumọ̀ kankan fún mẹ́ta, mo sì fò ó, bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọ̀kan lọ sílé ìwé. Mi ò sọ ibi tí mo ti rí i. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí bàbá bá fún àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ ní irú iṣu yìí. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé bàbá náà ti kọ̀ ọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ fi kún un pé eérú yẹn ni egungun ọkùnrin náà. Mo fún wọn ní máàkì tó jọjú, mo sì lọ sunkún nínú mọ́tò mi.

N kò pe obìnrin náà mọ́. Tó bá pè, mo máa ń ní ọwọ́ mi dí. Mo to àwọn iṣu náà sórí fìríìjì bí ẹ̀rí, mo sì ń jẹ ẹ̀bà.

Ó lé lóṣù kan kó tó wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò jókòó. Ó ní bí wọ́n bá fún èèyàn níṣu nílé àwọn, wọ́n máa ń retí kó wá sọ bó ṣe dùn sí. Wọ́n retí mi títí, ni wọ́n bá gbà pé mo ti kọ̀ wọ́n.

Ó ní, “Bàbá mi ní ẹ ò fẹ́ wa.”

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí fìríìjì, níbi tí iṣu kan ti ń ṣomi. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí olórí ilé dórí iná tó kú.

“Orí iṣu la máa ń gbìn,” ló wí. “Bàbá ní kí wọ́n gbin orí tiyín sọ́tọ̀, kí ẹ lè wá wà á. Eérú ni kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀ tètè rà.”

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Ọjọ́ yẹn gan-an la gba Ìfẹ̀wàrà lọ. Bàbá mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ebè mẹ́ta wà lọ́tọ̀ níbẹ̀, iṣu ti hù lórí wọn, bàbá sì ti ri igi fún wọn láti fà mọ́.

Ó bi mí pẹ̀lú ahọ́n Ìjẹ̀ṣà pé, “Ṣé uṣu mi ò dùn ni?”

Mo ní, “Bàbá, mi ò tíì jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ò fẹ́ mi.”

Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń bi í bóyá ó dá a lójú pé èmi ló fẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọkọ́ sí mi. Ó ní tèmi ni ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, koríko sì ti ń bò wọ́n.

Mi ò bi í léèrè ohun tí ọkọ́ náà dúró fún. Mo bọ́ bùbá tuntun yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí iṣu mi.