Bàbá Ó-Ti-Yé-Mi Tó Fẹ́ Kí Inú Ìyàwó Rẹ̀ Dùn

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rín àdúgbò wa, ẹ ṣáà dárúkọ olóògbé Bàbá Ó-Ti-Yé-Mi, káfíńtà, kí ẹ wá béèrè ọjọ́ tí kò rí ọ̀nà wọ ilé ara rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí.

"Ìyá Ilé, ṣílẹ̀kùn."

"Àga ló dí i," ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé.

"Ta ló gbé àga sẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà náà."

"Ibo ni kí n gbé e sí? Àga ló wà níbi tí mo fẹ́ gbé e sí."

Bàbá gba ojú fèrèsé wọlé, ó já sórí àga mìíràn. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ibẹ̀ tura tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á ò ju pé àbíkẹ́yìn wọn ti lọ sílé ọkọ. Ilé dá wáí, ìyá sì ń sọ pé ilé náà ti sú òun, pé òun á kó lọ bá ọmọ níbi tó wà. Àyà bàbá já. Ó bi í pé kí ló lè mú inú rẹ̀ dùn kó má lọ. Obìnrin tó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀ ní, "Kí n ṣáà rí ibi jókòó." Bàbá ní, "Ó ti yé mi." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, nǹkan ọ̀hún kì í sì í yé e. Kò pẹ́, àga wà ní ilé ìdáná, àga wà ní balùwẹ̀, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Nígbà tí a bá wọn kó àga jáde tán, ìyá ní afẹ́fẹ́ ni òun ń fẹ́. Ìyẹn náà tún yé bàbá. Ó gbé ayùn, ó la fèrèsé sára ògiri pákó ilé ìdáná, ó ṣe é ní ọ̀gangan ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lódìkejì. Télọ̀ ò gbájú mọ́ aṣọ mọ́.

"Ìyá, ẹ ò tíì fi iyọ̀ sí i o."

"Mo ti fi sí i."

"Èmi ò rí i."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló wá ìṣó tó fi kan fèrèsé náà pa.

Ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ bàbá lójú. Ó jáde lọ béèrè ohun tó ń mú inú àwọn ẹlòmíràn dùn. Onígbàjámọ̀ ní oníbàárà tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Télọ̀ ní oníbàárà tó bá mú ìròyìn wá ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní kí wọ́n ṣáà má bi òun ní nǹkan kan, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá padà délé, ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Kò yé mi," ló wí.

A ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò, bóyá ara rẹ̀ ń gbóná.

Ọmọ wá dé láti mú ìyá lọ. Síìpù báàgì ìyá sì ti bàjẹ́. Bàbá ò bẹ ẹnikẹ́ni, kò jà. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí tí ìyàwó rẹ̀ máa kó aṣọ sí. Ìyá jáde lọ wò ó.

"Pákó yẹn wọ́."

"Kò wọ́."

"Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ mi níbí."

"Bá mi di etí kejì mú ná."

Ìyá dì í mú. Wọ́n gé e, wọ́n jiyàn, wọ́n tú u, wọ́n tún un kàn. Ọmọ jókòó ti ẹrù, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá dá ayùn dúró.

"Ṣé inú rẹ dùn báyìí?"

"Ẹ wo ibi tí ẹ ń gé, kí ẹ má gé ọwọ́ yín."

Àpótí ò parí lọ́jọ́ yẹn. Kò parí lọ́jọ́ kejì. Ọmọ dá padà lọ. Tí bàbá bá ní ìdérí ti bá a mu, ìyá á ní kò bá a mu. Tí ìyá bá gbà pé ó dára, bàbá á ní òun rí àléébù kan. Ta nínú àwọn méjèèjì ni ò fẹ́ kó parí? Títí dòní, èmi ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń béèrè bóyá inú ìyàwó òun dùn, ojoojúmọ́ náà ni ìyá ń ní kó wo ibi tó ń gé.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá, a jókòó ti ìyá, à ń sọ nípa rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí. Kí ló tún kù tó ń mú inú yín dùn níbí?"

Ìyá wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ohun tí bàbá yín ń bi mí títí wọ́n fi lọ nìyẹn. Èmi á ní kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ń gé." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó dùn, ọmọ mi. Inú mi dùn gan-an ni. Mi ò kàn sọ fún wọn."