Ta Ló Ń Gbé Fóònù Sàláwù?

Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá pe Sàláwù nígbà tó wà lójú ọ̀nà, obìnrin ni yóò dá a lóhùn. Lónìí ó lè jẹ́ olùkọ́ kan láti Òrò, lọ́la ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta gààrí ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń wí: "Ó ń wakọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, màá jíṣẹ́ fún un." Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní páàkì Òmù-Àrán a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí Alhaji kankan ní Kwara tó ní ìyàwó tó o. Jàrátù, ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo, a máa dá wọn lóhùn pé kí àwọn orogún òun wá fọ aṣọ ọkọ wọn nígbà náà.

Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti lọ gba òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ Èsìẹ́ ni. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò ní pọ́n ọn ju bó ṣe rí lọ: ojú rẹ̀ a máa le, kò mọ àwàdà í dá, bí èrò bá sì ti ilẹ̀kùn Siẹ́nà rẹ̀ gbàgà, yóò bá onítọ̀hún wí bí ẹni pé ó lu ọmọ òun. Ṣùgbọ́n kò sí ìrìn àjò tí kì í kọ́kọ́ lóṣòó ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá wá kún, Sàláwù a yíjú padà, a wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, a yan àgbà obìnrin kan, a sì gbé fóònù rẹ̀ fún un.

"Ìyá mi, ẹ bá mi mú un dání. Tó bá dún, tiyín ni."

Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí kò kúkú pa á. Ó ní ẹni tó bímọ kì í pa fóònù.

Hafeezat ni ọmọ náà, ọ̀kan ṣoṣo tó yè nínú àwọn tí Jàrátù bí fún un. Ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé kan ní Òró-Àgọ́ pé kó lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ ló máa ń padà sí Òrò. Ìlú ọ̀tọ̀ ni Òrò, ìlú ọ̀tọ̀ ni Òró-Àgọ́, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Àmọ́ ẹni tó bá ń kánjú a máa gé Àgọ́ kúrò, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí a máa mọ èyí tó ń sọ.

Ọjọ́ Jímọ́ kan, à ń bọ̀ láti Ìlọrin, a ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, òjò sì ń rọ̀. Ọwọ́ mi ni fóònù wà. Ó dún, Jàrátù ni. Ó ń sunkún, òjò sì ń lu páànù níbi tó wà. Mo gbọ́ pé ọ̀kadà ti gbé Hafeezat ṣubú, pé egungun itan rẹ̀ ti kán, pé kí bàbá rẹ̀ máa gbé ọkọ̀ bọ̀ ní ọsibítù. Mo ní ọsibítù ibo. Òrò ni mo gbọ́. Ìpè náà já.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Sàláwù bi mí. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ wá ibi dúró sí ná, Bàbá Hafeezat."

Ó rọra darí ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀dà, ó pa á, kó tó yíjú sí mi. Mo jíṣẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Òun náà rò ó pé Jímọ́ ni, pé Òrò lọmọ yóò wà lóòótọ́. Kò mọ̀ pé Jàrátù ti gbé oúnjẹ lọ bá a ní Òró-Àgọ́ láàárọ̀, lẹ́yìn tí òun ti jáde nílé, àti pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ náà tètè kúrò níbẹ̀. Ó bẹ awakọ̀ mìíràn kó bá a gbé àwọn èrò yòókù. Èmi kò sọ̀ kalẹ̀. Àwa méjèèjì yà wọ Òrò.

Ní ọsibítù àkọ́kọ́, wọn ò rí orúkọ rẹ̀. Ní ìkejì, nọ́ọ̀sì kan ṣí ìwé títí, ó mi orí. A tún dé ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Wákàtí méjì gbáko ti lọ kí ìpè Jàrátù tó tún wọlé. Ọkọ̀ wà ní ìdúró, nítorí náà Sàláwù ló gbé e fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ibi tí mo jókòó sí.

"Àgọ́. Òró-Àgọ́ ni mo wí. Ta ló sọ Òrò fún yín?"

Kò wo ojú mi. Ó kàn wa ọkọ̀, bó ṣe máa ń wà á, kò sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di pákó mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù kékeré ni. Wọn ò ní ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìlọrin, ti bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

"Bàbá Hafeezat," ni Jàrátù wí, kò pariwo, "wákàtí méjì lọmọ yín fi joró lásán. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé e, ṣé ẹ ò ní mọ ohun tí mo wí? Ẹ fi ọmọ yín lé àlejò lọ́wọ́."

Sàláwù lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí wọ́n lè gbé ọmọ náà sínú rẹ̀.

Wọ́n to egungun náà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n dókítà ní òun ò lè sọ bóyá yóò rìn láìmú ọ̀pá mọ́. Láti ọjọ́ náà, Jàrátù kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ju "ẹ káàbọ̀" àti "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ.

Ọ̀rọ̀ kan sì ti wà nílẹ̀ ní páàkì ṣáájú gbogbo èyí. Sàláwù ló mú un wá: kí awakọ̀ wọn kankan má fọwọ́ kan fóònù nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kí ẹni tó bá ṣe é má gbé èrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá ọmọ rẹ̀ ni ìpàdé bọ́ sí. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí, àwa èrò sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, à ń dúró kí wọ́n parí.

Bashir, ọ̀dọ́ awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ dìde.

"Alága, ẹ bá mi bi Bàbá Sàláwù. Òfin yìí, ṣé Òrò ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, àbí Òró-Àgọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí mi. "Akọ̀wé wọn ló jókòó yẹn. Màmá, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Bashir wá dẹ́kun ẹ̀rín. "Fóònù lèrò fi ń sọ fún wa pé àwọn wà ní ìkóríta. Òun la fi ń gbọ́ bí ewu bá wà níwájú. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, bó bá jẹ́ pé ẹ gbé ìpè yẹn fúnra yín, ọmọ yín ì bá má jẹ ìyà tó jẹ."

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Jòhánù tó jẹ́ alága yíjú sí Sàláwù. "Ṣé kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀?"

Mo rò pé yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Ìyá yìí ò ṣẹ̀. Èmi ni mo gbé etí mi fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, mi ò sì ní ṣe é mọ́. Bí mo bá fẹ́ gbọ́, màá dúró, màá fi etí mi gbọ́. Àmọ́ kí n máa wà á, kí n tún máa gbọ́, rárá." Ó ká fìlà náà mọ́wọ́. "Ẹ rántí Àbúdùlàhí ará Agbamu, tí mo fi ọkọ̀ gbá lórí ọ̀kadà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn?"

"Ìgbà tí bíréèkì yín já," ni ẹnì kan wí.

"Kò já. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó já, mo sì dákẹ́. Mo jẹ́ kí mẹkáníìkì tú bíréèkì tí kò ṣe nǹkan kan, kó fi òmíràn sí i. Fóònù ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ń pè ni, mi ò tilẹ̀ gbé e. Títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin yẹn ò lè kọ ebè. Mo lọ sọ fún un lánàá, kí n tó wá sọ fún yín. Kò bú mi. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹ iṣu. Ì bá kúkú bú mi."

Ó jókòó. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí òótọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò rántí èyí tí ẹni tó wàásù rẹ̀ pàdánù ohunkóhun nítorí rẹ̀. Sàláwù pàdánù lójú ẹsẹ̀: èrò méjì tó ti gbé ẹrù sínú ọkọ̀ rẹ̀ dìde, wọ́n gbé ẹrù wọn lọ sínú tẹlòmíràn. Ó rí wọn.

Awakọ̀ mọ́kàndínlógún nawọ́ sókè pé kí òfin náà dúró, àwọn mẹ́jọ ò nawọ́. Bashir wà nínú àwọn mẹ́jọ. Ó ní èrò òun ò tíì yí padà, ṣùgbọ́n òun yóò tẹ̀lé e.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, mo tún wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó jù ú sínú àpótí iwájú ọkọ̀, ó sì pa á dé. Nígbà tí a ti rìn díẹ̀, ó dún. Ó dákẹ́, ó tún dún. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé.

"Bàbá, wọ́n ń pè yín."

"Mo gbọ́."

Ó wà á títí ó fi rí ibi tó gbòòrò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó yà sí i, ó pa ọkọ̀, ó mú fóònù jáde, ó pè padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, ohùn Jàrátù sì ń jáde kedere.

"Ṣé ẹ ti dúró?"

"Mo ti dúró."

"Ẹ ti pa ọkọ̀?"

"Mo ti pa á."

"Ó dáa. Hafeezat fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ó dìde láàárọ̀ yìí, ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé, kò mú ọ̀pá."

Sàláwù tẹ́tí títí ọmọ náà fi sọ̀rọ̀ tán. Àwa tó kù nínú ọkọ̀ dúró dè é, títí kan ọkùnrin tó pòṣé.