Obìnrin Tí Kì í Jẹ́ Ìpè

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Aránṣọ. Kí ogun tó lé wọn kúrò nílé, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò sí oníbàárà tó lè bá a jiyàn kó lọ láìgba èsì.

Ojú ọ̀nà ni ẹnu ọ̀hún kú sí. Àwọn oníbọn dá wọn dúró, wọ́n mú ìwé kan jáde, wọ́n ń pe orúkọ. Ọkọ rẹ̀ dáhùn, wọ́n mú un lọ, a ò sì rí i mọ́ títí di òní. Wọ́n wá pe orúkọ tirẹ̀ náà. Ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ àyà, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Olúwa, bò mí." Kò dáhùn, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó o bá pe Ìyá Aránṣọ lórúkọ, odi lo pè. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ṣòkòtò àlòkù rán nílùú àjèjì yìí, ọ̀gá rẹ̀ ní láti fọwọ́ kàn án léjìká kó tó gbójú sókè.

Lẹ́yìn ọdún méjì, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìjọba pé kó wá gba ìwé ìgbélùú. Bó bá pa ọjọ́ náà jẹ, wọn yóò dá òun àti ọmọ padà síbi tí wọ́n ti sá wá. Lóròòru ló ń sunkún bẹ Ọlọ́run nítorí ìwé náà.

Èmi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Òun àti ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì náà láti àárọ̀. Akọ̀wé jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ketekete. Ó dorí kodò. Ọkùnrin náà tún un pè. Ó fi ìborùn bo ojú ọmọ, ó ní, "Olúwa, bò wá." Kí Ọlọ́run ti wá ṣe irú àdúrà yìí sí? Ohun tó ti ń sunkún tọrọ ló ń pè é, ó sì ń sá fún un. Akọ̀wé ju fáìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agogo méjì ni wọ́n ń tilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ń nu ilẹ̀ níbẹ̀. Ó rí i pé ọmọ náà ń gbójú sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, tí ìyá àgbà sì ń tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì fi èdè wa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, àbí?"

Ìyá Aránṣọ mi orí pé rárá.

"Ìyá mi, ọ̀nà tí wọ́n ti ń pe orúkọ yẹn lèmi náà gbà wá. Odidi ọdún kan ni mi ò fi dáhùn. Ọlọ́run tó bò yín níjọ́sí ló ní kí ẹ dìde báyìí."

Obìnrin náà lọ bẹ akọ̀wé pé kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Akọ̀wé kùn, ṣùgbọ́n ó pè é.

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó ń retí ọwọ́ tí yóò gbá a lọ́rùn mú.

"Èmi nìyí," ló wí.

Akọ̀wé sọ nǹkan kan lédè tiwọn. Ìyá Aránṣọ gbá ọmọ mọ́ra, ó bi obìnrin náà pé kí ló wí.

"Ó ní kí ẹ wá jókòó nídìí tábìlì òun, ìyá. Ó ní ẹ ti dúró de ìwé yín pẹ́ jù."